Òróró Lójú Dimitri Jagunjagun

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tí àwọn ọmọ ogun ti sàga ti ìlú Vyshnehora, ìgbìmọ̀ tí ó fẹ́ gba kàtídírà ìlú náà là jókòó sí ilé ìdáná Halyna ní Arcella, ní àríwá ìlú Padova. Àga mẹ́rin ni ó wà fún ènìyàn mẹ́sàn-án. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé tí wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́ta sá wá láti ojú ogun ń sùn káàkiri ilẹ̀ yàrá kejì, nítorí náà ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń jiyàn. Lábẹ́ fèrèsé, tram ń kọjá lọ, ó ń kọjá bọ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì ń wo fóònù wọn.

Halyna ni olórí ìgbìmọ̀ náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi í jẹ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe badante ní Padova, ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn, ó ń ka oògùn sí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó di badante, kàtídírà Vyshnehora ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara ògiri, kí ó sì ṣe àdàkọ àwòrán tí ó wà níbẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, láìfi nǹkan kan kún un, láìyọ nǹkan kan kúrò. Bohdan ni orúkọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Bohdan kò sá fógun. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, inú kàtídírà ni ó sì ń sùn báyìí, láàárín àwọn àpò iyanrìn.

Lórí páálí kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni Yẹ́misí Ògúnjìnmí jókòó sí. Ìsàlẹ̀ ilé Halyna ni ó ń gbé. Magazzino kan lẹ́yìn ìlú ni ó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di ife dígí ránṣẹ́ kiri ayé, láti ọdún márùn-ún sì ni ife kan kò ti fọ́ nínú páálí tí ó fọwọ́ dì. Nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ turno, ìyẹn àsìkò iṣẹ́, àwọn Yorùbá ibẹ̀ a máa kì í lẹ́nu ọ̀nà pé, “A-dì-í-má-tú, ọmọ a-rọra-gbé-ẹyin.” Halyna ti kọ́ oríkì náà lẹ́nu ọkọ Yẹ́misí, ó sì máa ń pè é lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ohùn tí ó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín.

Ọkọ Yẹ́misí náà wà níbẹ̀. Ọládùnjoyè ni orúkọ rẹ̀, awakọ̀ ni fún Bíọ́lá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bíọ́lá ti yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n lè fi kó okùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun, àti aṣọ tí iná kì í jó lọ sí ẹnubodè, kí àwọn kan gbà á níbẹ̀ lọ bo ògiri kàtídírà.

“Ọkọ̀ tí ó ń kó iṣu àti panla,” ni Halyna wí, “òun náà ni ẹ fẹ́ fi lọ jagun?”

“Ẹ má fojú tín-ín-rín in, mà. Òórùn panla inú rẹ̀ nìkan tó tú ọ̀tá ká.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún padà sí àríyànjiyàn. Àwọn kan fẹ́ kí gbogbo ẹrù gba Poland. Ọládùnjoyè ní rárá. Ó ní baba tí ó bí baba bàbá òun jà ní Kírìjí, ọ̀rọ̀ tí ó sì fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni pé ẹrù tí a bá kó gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀tá ni a ń gbé e lọ fún. Kí wọ́n pín in sí méjì: kí òun gba Poland, kí ẹlòmíràn gba Romania. Ìgbìmọ̀ rò ó, wọ́n sì gbà.

Lẹ́yìn náà ni Halyna sọ ohun tí wọ́n ń jà fún. Ó ní ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún dín díẹ̀ tí ọba kan kọ́ kàtídírà náà, nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ parí ìjà, tí wọ́n pín ilẹ̀ sí apá méjèèjì odò. Bíríkì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìlà bíríkì kan, ìlà òkúta kan, títí dé òkè. Àwọn ayàwòrán kì í rẹ́ ògiri ju ìwọ̀n tí wọ́n lè yà tán lóòjọ́, nítorí pé ìgbà tí ìrẹ́ náà bá ṣì tutù ni àwọ̀ ń mu wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí ibi tí iṣẹ́ ọjọ́ kan parí sí àti ibi tí ti ọjọ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n wá jọ́sìn a máa fi ìṣó ha ẹ̀bẹ̀ sí ara ògiri: Olúwa, ran Ivan ẹrú rẹ lọ́wọ́. Ivan ti kú láti ẹgbẹ̀rin ọdún, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọládùnjoyè béèrè àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó o lógun, bóyá àwọn ẹlẹ́ṣin láti ọ̀nà jíjìn ni.

“Ìyẹn kẹ́yìn,” ni Halyna dáhùn. “Àwọn ìbátan wa ló kọ́kọ́ kó o. Àgbélébùú kan náà ló wà lọ́rùn wọn.”

Ọládùnjoyè mi orí. “Bí ti Ìbàdàn àti Èkìtì nìyẹn. Èdè kan náà ni wọ́n fi ń bú ara wọn.”

Ní ìgbà tí ó yá, wọ́n fi ẹfun kun àwòrán púpọ̀ nínú kàtídírà náà pa. Ìgbà ìwọ́wé tí ó kọjá ni Bohdan ṣí ẹfun kúrò lára ògiri ìhà àríwá tí ó sì bá Dimitri mímọ́ níbẹ̀, jagunjagun pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti ẹ̀wù pupa, ẹni tí ẹ̀dá alààyè kan kò rí láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Bohdan kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò rẹ̀ nítòsí títí òun yóò fi nù ún tán. Fọ́tò tí àwọn àlejò yà láti ọ̀nà jíjìn wà, ṣùgbọ́n ojú Dimitri nínú rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ìwé tí Bohdan fi ṣe àdàkọ rẹ̀ nìkan ni ó wà. Halyna fúnra rẹ̀, tí ó ti kúrò nílé láti ọdún mọ́kànlá, kò rí i rí.

Ìwé náà ti dé Padova. Oksana, ìyá ọlọ́mọ kan, ni Bohdan gbé e fún nígbà tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń jáde. Mẹ́rìnlá ni gbogbo àdàkọ náà, a ká wọn pọ̀ bí ẹní. Oksana gbé ọmọ síwájú, ó sì so ìwé mọ́ ẹ̀yìn lábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wákàtí mẹ́jọ nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lorenzo, ọkùnrin kan tí ó ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe ní laboratorio kan láàárín ìlú, yóò fi ẹ̀rọ ńlá ya fọ́tò wọn ní Ọjọ́bọ̀. Títí di ìgbà náà, ìwé kò lè wà nílé Halyna láàárín ọmọdé mẹ́fà àti ìkòkò ọbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ni Bohdan fi yà á, ọwọ́ lásán lè nù ún kúrò. Gbogbo ojú wá yí sí A-dì-í-má-tú.

Halyna ní kí ó búra. Yẹ́misí dìde, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

“Màmá Halyna, ẹni bá dalẹ̀ a bálẹ̀ lọ. Bí mo bá dalẹ̀ yín, kí Olúwa ṣe ẹlẹ́rìí sí mi.”

“Má ṣí i.”

“Mi ò ní ṣí i, mà.”

Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sílé rẹ̀, ó sì gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọládùnjoyè wa ọkọ̀ lọ sójú ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n pe Yẹ́misí láti ilé ẹ̀kọ́ pé kí ó wá mú Tíolúwaní ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, nítorí pé ara rẹ̀ gbóná. Ó fún un ní oògùn, ó fi omi nu ara rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara ọmọ náà ṣì ń jó bí iná. Yẹ́misí béèrè ohun tí ó ń ṣe é ní Yorùbá, ọmọ fi Italian dá a lóhùn pé, “Mamma, ho freddo,” òtútù ń mú òun.

Yẹ́misí pe Màmá Adésànmí, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wọn, kí wọ́n bá òun gbàdúrà. Màmá béèrè bóyá ohun àjèjì kan wọ inú ilé láìpẹ́. Yẹ́misí sọ nípa ìwé. Wọ́n béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn ẹni mímọ́ ni, pé jagunjagun kan wà nínú wọn tí ó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́.

Màmá Adésànmí gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ọ̀kọ̀? Irin? Nínú ilé Ògúnjìnmí?”

Wọn kò ní láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé ológun ni ìdílé ọkọ Yẹ́misí, ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún lọ́dọọdún títí bàbá Ọládùnjoyè fi gba Jésù. Nínú ìjọ, Olújìnmí ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n Ogunjinmi ṣì ni ó wà lórí permesso, ìwé ìgbélùú wọn, ìgbàkígbà tí akọ̀wé ọ́fíìsì bá sì ké orúkọ náà síta, Yẹ́misí a máa dá a padà nínú ọkàn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gbààwẹ̀ láti bọ́ lọ́wọ́ irin. Irin náà ni ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lé orí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ní òkè ibi tí ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó tú ìwé náà sórí ibùsùn. Dimitri ni ó wà lókè gbogbo wọn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ hàn. Yẹ́misí rí bàtà pupa, okùn rẹ̀ lọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Ó ṣí i díẹ̀ sí i, ó rí ẹ̀wù, ó rí asà, ó rí ọwọ́ tí ó di ọ̀kọ̀ mú. Ó mú ìgò òróró àdúrà, òróró ólífì lásán tí ó rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tí pásítọ̀ sì gbàdúrà sí. Ó dijú bí a ti í ṣe nígbà àdúrà, ó tú ìwé náà dé òkè, ó da òróró náà sí i, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ya àgbélébùú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú agbára, ó ń dá ọmọ rẹ̀ nídè lórúkọ Jésù.

Nígbà tí ó lajú, ọwọ́ rẹ̀ ti pupa. Ojú Dimitri kò sí mọ́. Pupa ẹ̀wù ti gorí ibi tí ojú wà, ó ti pò mọ́ dúdú irun, òróró sì ń ràn lọ sí àyà jagunjagun náà bí ìgbà tí omi bá wọ búrẹ́dì. Yẹ́misí fi ìwé ìnujú tẹ̀ ẹ́, ìwé ìnujú gbé àwọ̀ tí ó kù lọ. Ó da pọ́ńdà ọmọ lé e lórí, ó di ẹrẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí ó tì í lójú ju òróró náà lọ. Ó dì í. Ó fi ìwé rírọ̀ sí àárín àdàkọ kọ̀ọ̀kan, ó fi náílọ́ọ̀nù wé e, ó fi páálí yí i ká, ó lẹ̀ ẹ́ ní etí méjèèjì. Kò di ẹrù dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ara Tíolúwaní balẹ̀, ìyá ọmọ míràn sì pè láti sọ pé ibà kan náà ti mú ọmọ mọ́kànlá nínú kíláàsì wọn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìròyìn dé. Bọ́ǹbù kan bọ́ lu kàtídírà Vyshnehora kí ilẹ̀ tó mọ́. Ògiri ìhà àríwá wó. Bohdan wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìkọlù náà, láti ìgbà tí wọ́n gbọ́ ariwo títí eruku fi rọlẹ̀, kò pẹ́ tó ìgbà tí a fi ń se ẹyin.

Halyna kò sunkún. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ. Nínú tram, ó di ẹrù náà mú ní apá kan, Yẹ́misí dì í mú ní apá kejì. Halyna ní wọ́n pa ọ̀gá òun, wọ́n wó ògiri, ṣùgbọ́n wọn kò rí Dimitri pa, nítorí pé ẹni kan wà tí ó mọ ẹrù dì. Ó sì ki Yẹ́misí lójú àwọn èrò pé, “A-dì-í-má-tú, ọmọ a-rọra-gbé-ẹyin.” Kò fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Yẹ́misí wo ilẹ̀ títí wọ́n fi dé.

Lorenzo yin ìdìpọ̀ náà kí ó tó gé e. Ó ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá tí ó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí òun kì í dì í báyìí. Ó tú u sórí tábìlì gbọọrọ. Ó tẹríba, ó gbóòórùn ìwé náà, ó sì ní òróró ólífì ni.

Ó ní ibi tí ó kan ti bàjẹ́, pé bí ó bá jẹ́ òróró nìkan, bóyá, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ọwọ́ ra àwọ̀ náà pọ̀. Láti ọrùn sókè, kò sí ìlà kan tí òun lè kà.

Halyna ti fa fóònù yọ. Oksana, ni ó wí. Òróró tí ó fi ń pa ọmọ lára ni. Obìnrin náà ti wà ní Reggio Emilia lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó gbé e. Èdè wọn ni Halyna fi bá a wí, Yẹ́misí kò sì gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ bí èébú ṣe ń dún. Oksana kọ́kọ́ ń sẹ́. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ọmọ rẹ̀ sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Yẹ́misí bi Lorenzo léèrè bóyá ó mọ ohun tí Oksana ń sọ. Halyna ni ó dáhùn, ó fi ọwọ́ bo fóònù.

“Ó ní ó lè jẹ́ òun. Ó ní ó rẹ òun lójú ọ̀nà, òun kò rántí mọ́. Ó ń bẹ̀ mí.”

Yẹ́misí rí i nínú ọkàn rẹ̀: obìnrin tí ó rin wákàtí mẹ́jọ tí kò sọ ẹrù kalẹ̀, tí ó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Bí òun bá dákẹ́ ìṣẹ́jú kan sí i, ọ̀rọ̀ náà yóò jókòó sí orí Oksana títí ayé.

“Kì í ṣe òun, mà. Èmi ni.”

Ó kúnlẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ibà, ọ̀kọ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀, ìgò náà, pọ́ńdà, bí ó ti dì í kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Lorenzo ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí pẹ̀lú obìnrin tí ó kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Halyna sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fóònù, ó pa á.

“Nínú ìjọ tiwa náà, a máa ń fi òróró sí iwájú orí ènìyàn,” ni ó wí. “Ènìyàn, Yẹ́misí. Òun ni kí o fi sí iwájú orí ọmọ rẹ.”

“Ẹ dárí jì mí, mà.”

“Mi ò tíì lè ṣe é. Má sì bẹ̀ mí mọ́ lónìí. Dìde.”

Halyna fa àga kan sún mọ́ tábìlì, ó sì gba ìwé funfun àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ Lorenzo. Ó tẹ́ ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó bàjẹ́. 

“Bohdan ti kú. Ògiri ti wó. Èmi ò rí i rí. Ìwọ nìkan ni ó tú ìwé yìí nígbà tí ó ṣì pé. Jókòó síbí, kí o sọ ohun tí o rí fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.”

Yẹ́misí jókòó. Ó sọ̀rọ̀ nípa bàtà, bí okùn rẹ̀ ti lọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó sọ̀rọ̀ nípa ibi tí òróró ti bo ní àyà, pé irin ìgbàyà náà rí bí ìpẹ́ ẹja, pé kókó kan so ẹ̀wù pọ̀ ní èjìká ọ̀tún. Ẹ̀rù ni ó fi wo gbogbo rẹ̀, ẹ̀rù sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí ju ìfẹ́ lọ. Halyna ń fa ìlà, ó ń bi í, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń fà á. Wọ́n dé ọrùn.

“Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọ̀dọ́ ni? Ṣé ibi tí ọ̀kọ̀ wà ni ó ń wò, àbí àwa ni ó ń wò?”

Yẹ́misí yí ojú kúrò lára ìwé.

“Mo ti di ojú mi, mà,” ni ó wí. “Àdúrà ni mò ń gbà.”

Halyna mú rúlà, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ibi tí ọrùn parí sí, ó sì kọ déètì ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lókè ìlà náà, kò fi nǹkan kan kún un.

“Padà sí ọwọ́ rẹ̀,” ni ó wí. “Ìka mélòó ni ó fi di ọ̀kọ̀ mú?”